Kí Sòbìyà Tó Degbò: Ìtàn Àjọṣe Ilé àti Òkèèrè lórí Ìlera Àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá



Òwe kan ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Àwọn àgbà ní, kí sòbìyà tó degbò, olúgànńbe là á ké sí. Ewé ni olúgànńbe. Àwọn baba wa fi ń tọ́jú ẹni tí sòbìyà bá ń yọ lára rẹ̀. Ibi tí a ń lo òwe yìí kò ṣókùnkùn sí wa: bí ọ̀ràn bá ń bọ̀, kí a tètè ké sí ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ni ní lítíréṣọ̀ ti ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní mọ ìtumọ̀ òwe náà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ sòbìyà. Wọn kò rí i rí lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àìmọ̀ kan nìyí tí inú olùkọ́ lè dùn sí, nítorí pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa, ó ku òwe.

Báwo ni ó ṣe kúrò? Àwọn wo ni wọ́n lé e lọ? Kí sì ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó pé kí ló kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ omi àti egbò, èsì mi ni pé ìtàn sòbìyà jẹ́ ìtàn oríṣi ìmọ̀ méjì: ọ̀kan ń bẹ lẹ́nu àwọn àgbà, èkejì ń bẹ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn méjèèjì kò pàdé. Nígbà tí wọ́n pàdé, àrùn náà kó ẹrù rẹ̀. Èrò mi ni pé ohun tí a fi ń díwọ̀n àjọṣe wa pẹ̀lú òkèèrè kì í ṣe owó tí ó mú wá tàbí iye ìwé tí a tẹ̀ jáde nípa rẹ̀. Ohun tí a ó fi díwọ̀n rẹ̀ ni bóyá onílé lè dá ìbéèrè tuntun béèrè nígbà tí àlejò bá ti lọ sílé.

1. Ilẹ̀ tí omi fún ní orúkọ

Omi ni ó fún Òkè-Ògùn ní orúkọ. Apá òkè odò Ògùn ni agbègbè náà, láti Ìsẹ́yìn lọ sí Òkèhò àti Ìgànná, títí dé Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì. Ìtòsí Ṣakí, láàárín àwọn òkè, ni odò Ògùn ti ṣẹ̀ kí ó tó máa ṣàn lọ sí Abẹ́òkúta àti ọ̀sà Èkó. Ní gúúsù Ìsẹ́yìn ni ilẹ̀ Ìbàràpá wà: Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà àti àwọn ìlú yòókù. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wọ̀nyí, tí igi rẹ̀ kò dí bí ti igbó. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí àti tábà ni wọ́n ń gbìn. Ìsẹ́yìn sì tún gbajúmọ̀ fún aṣọ òfì híhun.

Orúkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ̀fẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò a dá, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké a gbẹ, èyí tí ó kù a di adágún. Abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ àpáta ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà kànga gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, adágún yìí ni ènìyàn ń wọ̀ láti pọn omi, òun ni wọ́n ń fọ aṣọ lẹ́bàá rẹ̀, òun náà ni àgbẹ̀ ń bu mu lóko. Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Sòbìyà ni ó sọ omi di ọ̀tá láìjẹ́ kí ẹni tí ń mu ún mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ń ṣe é. Kòkòrò kan ń gbé inú omi adágún, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè dá a mọ̀ dáadáa. Kòkòrò yìí a gbé ọmọ sòbìyà mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti mu kòkòrò pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan. Nínú ọdún náà ni abo sòbìyà yóò dàgbà nínú ara rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà kan. Lẹ́yìn náà ni ibì kan yóò lé ròrò, ní kókósẹ̀ tàbí ojúgun lọ́pọ̀ ìgbà, yóò máa ta á bí iná. Aláìsàn a wá omi tútù ti ẹsẹ̀ bọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi, sòbìyà a tú àìmọye ọmọ sínú adágún, àwọn kòkòrò inú omi a gbé wọn mì, ọ̀rọ̀ a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtura tí aláìsàn kan ń wá fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń di àìsàn gbogbo abúlé ní ọdún tí ń bọ̀.

Kò sí oògùn tí ń pa sòbìyà nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí di òní. Fífà ni wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń wé e mọ́ igi tín-ín-rín, fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé bí ó bá já, ọ̀ràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò náà, àgbẹ̀ kò lè kọ ebè, ìyá kò lè ru igbá lọ sí ọjà. Àrùn ibi iṣẹ́ ni sòbìyà jẹ́ fún àgbẹ̀: ibi iṣẹ́ ni ó ti ń mu omi tí ó fà á, iṣẹ́ náà sì ni ó kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

2. Ohun tí òwe mọ̀ àti ohun tí ìwé mọ̀

Ẹ tún padà wo òwe wa. Òwe mọ̀ pé sòbìyà ń di egbò. Ó mọ̀ pé ìtọ́jú tí ó yá ni ó dára. Ó mọ ewé tí a ń lò, ó sì dárúkọ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ kékeré. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá òwe yìí ti wo àrùn náà fínnífínní. Ṣùgbọ́n òwe kò mẹ́nu kan omi. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa gbà pé sòbìyà ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀, bí iṣan ti wà nínú ara, tí ó kàn ń dìde nígbà tí ó bá wù ú.

Ìmọ̀ kejì wà ní ibòmíràn. Ní ọdún 1870, Aleksei Fedchenko, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Rọ́ṣíà, ṣàwárí ní Turkestan pé inú kòkòrò omi ni ọmọ sòbìyà ń gbé kí ó tó dé ara ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni ìwé ti mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe: kí a sẹ́ omi, kí ẹlẹ́sòbìyà má ṣe wọ inú adágún. Aṣọ tí ojú rẹ̀ kéré kò wọ́n. Síbẹ̀ ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Fedchenko kí ìmọ̀ yìí tó wúlò fún adágún wa. Ẹni tí ó mọ orísun àrùn kò mọ Ìdèrè. Ẹni tí ó wà ní Ìdèrè kò ka ìwé Fedchenko. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ó ń pa àgbẹ̀ lára. Dídí àlàfo náà ni mo ń pè ní àjọṣe.

3. Ayé wolé-wolé

Kì í ṣe pé kò sí ètò ìlera àyíká ṣáájú àkókò tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ayé ìjọba amúnisìn, wolé-wolé ni ó dúró fún un. Àwọn tí ó ti dàgbà láàárín yín rántí wọn: wọn a dé láìròtẹ́lẹ̀, wọn a yọjú wo àmù bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, wọn a wo ẹ̀yìnkùlé, wọn a kọ orúkọ onílé sínú ìwé. Ènìyàn iyì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ wọn sì dá ẹ̀mí púpọ̀ sí. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ Yorùbá tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow, ni ó ṣe baba fún ètò yìí ní Èkó. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí àwọn wolé-wolé ti ń gba ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ irú àjọṣe tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà wò. Òfin ti òkè wá, ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí tí wolé-wolé ń fojú sọ́nà fún sì ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó ìtanràn. Onílé a da omi àmù nù nígbà tí ó bá gbọ́ pé ó ń bọ̀, a sì tún gbé àmù náà síbi tí ó wà nígbà tí ó bá ti kọjá. A gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó yé wa. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìbẹ̀rù àti òye ni yóò hàn nínú ohun tí ó tẹ̀ lé e.

4. Igbó-Ọrà àti Ìdèrè

Ní ọdún 1948 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1957 ni ilé-ìwòsàn ńlá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní UCH, ṣílẹ̀kùn. Àwọn aláìsàn láti ìgbèríko ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn kò lè bá wọn padà sí ìdí adágún. Dókítà tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà UCH nìkan lè wo egbò sàn láìmọ ọ̀nà tí egbò gbà dé.

Ìdí nìyí tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1963 fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún náà ni Yunifásítì Ìbàdàn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Ìbàràpá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dá ètò ìlera ìgbèríko sílẹ̀, tí wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó rẹ̀. Rockefeller Foundation láti Amẹ́ríkà ṣe ìrànlọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé Igbó-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń bi àwọn ará ìlú ní ìbéèrè, wọ́n ń wo omi tí wọ́n ń mu. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ó wà nídìí àjọṣe náà: kì í ṣe olówó òkèèrè àti yunifásítì nìkan, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Owó Rockefeller kò wà títí, ṣùgbọ́n ìran dókítà kan tẹ̀ lé òmíràn tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ ní Igbó-Ọrà.

Láti inú irú ẹ̀kọ́ yìí ni ìwádìí lórí sòbìyà ti dàgbà. Ní 1977, Ọládélé Kale, ti ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera àwùjọ ní Ìbàdàn, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí sòbìyà ti rí ní agbègbè Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1980, Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, di ibi tí a ti rí nǹkan tuntun. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Joshua Adéníyì àti Jayashree Ramakrishna, pẹ̀lú William Brieger, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibùdó ẹ̀kọ́ ìlera fún ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó wà ní yunifásítì náà, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn wọ̀nyí gbà pé òwe náà bá àwọn wí. Kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kòkòrò wà nínú omi, wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn ará Ìdèrè léèrè ohun tí sòbìyà jẹ́ lójú wọn. Wọ́n gbọ́ pé iṣan ni. Wọ́n gbọ́ pé kò sí ẹni tí kò ní in. Èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kí a kàn máa pariwo pé omi kò dára kò lè wọ ẹnikẹ́ni létí, nítorí pé lójú ará ìlú, omi kò bá ọ̀rọ̀ náà tan. Ẹ̀kọ́ ni láti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ wà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ asẹ́. Aṣọ náílọ́nì tí ojú rẹ̀ kéré ni wọ́n ń lò láti sẹ́ omi. Òkèèrè ni aṣọ náà ti wá, ṣùgbọ́n wọn kò kó asẹ́ tí a ti rán tán wá pín fún ènìyàn bí ọrẹ. Àwọn télọ̀ ìlú ni ó ń rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí a kọ́ láàárín ará ìlú ni ó sì ń tà á. Ẹ̀yin onímọ̀ ọrọ̀-ajé lè sọ pé owó kékeré ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi owó rẹ̀ ra asẹ́ yóò bèèrè ìdí tí ó fi yẹ kí òun rà á, ẹni tí ń tà á sì gbọ́dọ̀ mọ èsì. Níbi ìdúnàádúrà yẹn ni ìmọ̀ Fedchenko ti bọ́ sínú èdè Yorùbá, lẹ́nu ọmọ Ìdèrè, láìsí wolé-wolé tàbí owó ìtanràn.

5. Láti Ìlọrin dé gbogbo orílẹ̀-èdè

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ ọ̀dàn kan náà, ní ìpínlẹ̀ Kwárà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Susan Watts, onímọ̀ jọ́gíráfì, tẹ̀ lé iṣẹ́ ẹ̀rọ omi tí UNICEF ń ràn lọ́wọ́ ní àwọn abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Ní 1988 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: sòbìyà dín kù gan-an níbi tí ẹ̀rọ omi dé. Ìlọrin náà ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àpérò àkọ́kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà lórí sòbìyà ní ọdún 1985.

Àkókò náà wọ̀. Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya àwọn ọdún 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún omi mímu àti ìmọ́tótó. Ní 1986, ìpàdé gbogbogbòò Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé kí a lé sòbìyà kúrò. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 3,500,000 ènìyàn ni ó ń ní in lọ́dún kan ní ayé nígbà náà. Ní ọdún kan náà ni Carter Center, tí Jimmy Carter tí ó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí dá sílẹ̀, gba ipò asáájú nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó sún ìjọba wa ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó. Ní 1987, UNICEF ṣe ìwádìí láàárín àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ní ẹkùn tí àwọn olùgbé rẹ̀ tó 1,600,000. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 20,000,000 dọ́là ni sòbìyà ń mú kí wọ́n pàdánù lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n sọ egbò ẹsẹ̀ di iye ìrẹsì tí kò dé ọjà, àwọn aláṣẹ gbọ́.

Ní 1988 ni ètò ìjọba lórí sòbìyà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wá àwọn aláìsàn kiri láti abúlé dé abúlé ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yìí. Kò sí dókítà tí ó lè ka irú iye bẹ́ẹ̀. Àwọn ará abúlé ni ó kà á: àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìbílẹ̀, tí a kọ́ bí a ti ń dá sòbìyà mọ̀ àti bí a ti ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ìkànìyàn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni aṣọ asẹ́ láti ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà dé, oògùn Abate tí a ń fi pa kòkòrò inú adágún dé, ẹ̀rọ omi náà ń dé díẹ̀díẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba wa tẹ́lẹ̀ rí, ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n ṣe omi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹlẹ́sòbìyà ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti tán ní ilẹ̀ wa. Ní gbogbo ayé, ènìyàn 15 péré ni a kà ní ọdún 2024.

6. Ẹni tí a kò kà

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí a sọ ọ́ bí àlọ́ tí kò ní ìkọsẹ̀. Ìkọsẹ̀ kan wáyé, ó sì ní ẹ̀kọ́ nínú. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lójú, àwọn Fúlàní darandaran ń gbé gáà wọn láàárín àwọn abúlé Yorùbá. Àwọn tí a kọ́ láti máa ka aláìsàn jẹ́ Yorùbá, abúlé Yorùbá ni wọ́n ń lọ, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń béèrè. Ìwádìí kan tí Brieger àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé sòbìyà wà nínú gáà wọ̀nyí tí ètò ìkànìyàn kò rí i.

Kò sí ẹni tí ó fi èyí ṣe ìkà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé onílé, tí ó ti máa ń rò pé àlejò láti Amẹ́ríkà nìkan ni òwe ojú àlejò bá wí, ní aládùúgbò tí òun náà kò rí. Adágún kò mọ ẹ̀yà. Bí ẹlẹ́sòbìyà kan bá ṣẹ́ kù ní gáà, gbogbo abúlé tí ó yí i ká kò tíì bọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé èdè ni ìdí àjọṣe, gbogbo èdè tí ń bẹ nídìí omi náà ni mo ń sọ. Ìbéèrè tí a béèrè ní èdè kan ṣoṣo, ìdajì èsì ni yóò mú bọ̀.

7. Ohun tí ó ń bọ̀ wá degbò

Sòbìyà ti lọ. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ṣì wà lóko. Àwọn ọ̀ràn mìíràn sì ti gba ipò sòbìyà, tí wọn kò ní òwe, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní orúkọ.

Ẹ wo oògùn apakoríko. Iṣẹ́ tí ọkọ́ ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, oògùn yìí ń ṣe é ní ọjọ́ kan, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Àgbẹ̀ a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀n, a máa fín in lọ, afẹ́fẹ́ a máa dá díẹ̀ padà sí i lójú àti láyà. Nínú oògùn wọ̀nyí ni paraquat wà, tí kò ní ẹ̀rọ̀ nínú ara ènìyàn bí ó bá wọ ọ̀fun. NAFDAC fòfin de paraquat láti ọdún 2024. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin nìkan ni ayé wolé-wolé, ẹ sì ti rí ibi tí ìyẹn mọ.

Ẹ wo tábà náà, tí Ìsẹ́yìn àti Àgọ́-Àrẹ ti ń gbìn tipẹ́. Ẹni tí ń já ewé tábà tútù nígbà tí ìrì wà lórí rẹ̀, oró inú ewé náà ń gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Òòyì a máa kọ́ ọ, a máa bì. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti mọ àìsàn yìí dáadáa, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Àdéhùn àgbáyé lórí tábà ti ọdún 2003, tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní 2005, sọ pé kí a dáàbò bo ìlera àwọn tí ń gbìn ín àti àyíká wọn, kí a sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kí ni a ń pe àìsàn náà ní Ìsẹ́yìn? Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera, ibà ni yóò pè é, nítorí pé ibà ni orúkọ tí ó wà nílẹ̀.

Ó tún ku èéfín ìdáná. Lórí èyí, àjọṣe tí ó dà bí ti àtijọ́ ti wáyé ní Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago bá aboyún 324 ṣiṣẹ́: wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tí ń lo ẹtanólù, àwọn yòókù ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní 2017, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n lo sítóòfù náà tó bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn yòókù. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú àwọn tí ó darí iṣẹ́ náà ní ìhà méjèèjì òkun. Láti ọdún 1995 pàápàá ni Fogarty International Center ti ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gbé owó kalẹ̀ fún àjọṣe àwọn yunifásítì wọn àti ti òkèèrè lórí ìlera àyíká àti ti ibi iṣẹ́. Ọ̀nà kò dí pa. Ìbéèrè mi ni ẹni tí yóò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá Ìbàdàn dé oko tábà àti oko àgbàdo ní Òkè-Ògùn, àti ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ẹnu àgbẹ̀.

Níbí ni iṣẹ́ kan àwa tí a wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ pé Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1970, iṣẹ́ ọlọ́dún-mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá ṣe asáájú rẹ̀ tí Ford Foundation sì ràn lọ́wọ́, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Àjọṣe òkèèrè ni ìyẹn náà. Ìmọ̀ràn tí mo mú wá ni pé kí ẹ̀ka wa bá àwọn onímọ̀ ìlera jókòó, kí a wá orúkọ fún àìsàn oko, kì í ṣe orúkọ tí a gbẹ́ nínú yàrá wa, bí kò ṣe èyí tí a gbọ́ lẹ́nu àgbẹ̀ tí ó ń ṣe. Kí gbogbo àdéhùn ìwádìí tí yunifásítì wa bá òkèèrè ṣe sọ ọ́ ní kedere pé a óò kọ àbájáde rẹ̀ ní èdè àwọn tí a bi ní ìbéèrè, a óò sì kà á sí wọn létí ní ìlú wọn. Kí a sì fi ọmọ ìlú náà sínú àwọn tí a óò kọ́ ní ìmọ̀ ìwádìí, títí kan ọmọ gáà.

8. Ìparí ọ̀rọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé kì í ṣe owó nìkan ni ó lé sòbìyà lọ, kì í sì í ṣe ìmọ̀ ìwé nìkan. Ìmọ̀ ìwé ti wà láti 1870. Ohun tí ó lé e lọ ni pé àwọn kan láti ilé àti láti òkèèrè jókòó pẹ́ tó nídìí omi kan náà, títí tí ìmọ̀ tí ń bẹ nínú ìwé fi di ohun tí télọ̀ lè rán, tí ìyá lè tà, tí ọmọ ilé-ìwé lè kà sílẹ̀. Àwọn àlejò lọ, ìmọ̀ náà kò bá wọn lọ.

Òwe wa ní kí a ké sí olúgànńbe kí sòbìyà tó degbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ohun méjì ni ó ní orúkọ nínú òwe náà: àrùn ní orúkọ, oògùn rẹ̀ ní orúkọ. Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é kò mọ ẹni tí yóò ké sí. Àgbẹ̀ tí òòyì ń kọ́ nínú oko tábà ní àárọ̀ kùtùkùtù, àti èyí tí oògùn koríko ń ta lójú, ohun tí ń ṣe wọ́n kò tíì degbò lójú wa. Kí ó tó dà á ni mo fi ń ké sí yín.